Ìgbànú Ọrùn Sùúrù

Oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kìíní ní òun kì í gbé ajá.
Èkejì ní, "Ajá méjì? Owó èèyàn mẹ́ta ni, ìyá."
Mo san án. Kí ni n bá ṣe?
Ta ni n bá fi wọ́n sílẹ̀ fún nínú ilé tó ṣófo?
Ẹnukòsinmi jókòó síwájú bí ọ̀gá awakọ̀,
Sùúrù dùbúlẹ̀ lórí àpò ọjà,
a gba Ọwọ́dé, a já sí Àkẹ̀sán
kí oòrùn tó fẹsẹ̀ kan orí páànù.

Ọdún Ṣàngó ni, ìlú pọ́n bí osùn.
Mo ta tapolín, mo to ọjà:
abẹ̀bẹ̀ awọ, sálúbàtà, àkọ̀ ọ̀bẹ,
tìmùtìmù tí Àjàgbé rán dé ìdajì kó tó lọ.
Làmídì tó ń ta dígí ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín:
"Ìyá Sìkírá, ṣé ẹ ò ṣìnà?
Ọdún Ògún kọ́ lèyí,
àgbò ni wọ́n ń jẹ níbí."
Mo ní, "Làmídì, irú ẹnu rẹ ni mo rí
tí mo fi sọ èyí kékeré lórúkọ."
Ajá gbó. Gbogbo ìlà wa rẹ́rìn-ín.

Òwúrọ̀ lọ, kò sẹ́ni tó yọ náírà.
Wọ́n á fọwọ́ kan awọ bí ẹni ń wò bóyá ara ọmọ gbóná,
wọ́n á ní, "Ó dáa o,"
wọ́n á lọ ra omi tútù.
Àwọn ọmọdé nìkan ló dúró:
ṣé ó ń géni jẹ? Kí lorúkọ rẹ̀?
Ṣé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?
Mo ní Ọ̀yọ́ paraku ló gbọ́,
ìyẹn náà, ọjọ́ tó bá wù ú.

Nígbà tó di aago méjì, ojú ọ̀run ṣú.
Àwọn tó ti ń ké pe ọkọ Ọya láti àárọ̀,
ìgbà tó dáhùn, wọ́n sá.
Abẹ́ tapolín mi ni ogún èèyàn wọ́ sí,
Ẹnukòsinmi, akọni ìlà wa, ti kó sábẹ́ tábìlì,
ó ki imú bọ sálúbàtà.
Sùúrù kò mira. Etí rẹ̀ ti ń di.
Ààrá sán, ó yán.

Ibẹ̀ ni obìnrin kan, ohùn rẹ̀ jọ ti Ìlọrin,
ti bẹ̀rẹ̀, tó di ìgbànú ọrùn Sùúrù mú:
awọ ewúrẹ́ pupa,
ojú ìrán wẹ́wẹ́ bí eyín ọmọ tuntun.
"Èló nìyí?"
Mo ní kì í ṣe títà.
Ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá.
Mo wo tábìlì mi. Òjò ń lu tapolín.
Ó ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Owó ìdánwò Sìkírá ku ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá.
Ó yẹ kí n sọ fún yín pé mo kọ̀.
Mo tà á.

Ọwọ́ mi ló tú u. Ó le,
Àjàgbé ló dè é, ní ọyẹ́ tó gbẹ̀yìn rẹ̀.
Sùúrù gbé ọrùn sókè láti ràn mí lọ́wọ́,
ó rò pé mo fẹ́ wẹ̀ ẹ́ ni.

Òjò dá. Mo ta abẹ̀bẹ̀ méjì, àkọ̀ kan.
Làmídì kò ṣàwàdà mọ́, ó bá mi ká tapolín.
Oníkẹ̀kẹ́ alẹ́ kò ka ajá mọ́ èèyàn.

Nílé, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo wá ìyókù awọ pupa.
Ibi tí ìgbànú wà tẹ́lẹ̀ kò nírun mọ́,
ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló yí ọrùn rẹ̀ po.
Òwú tí Àjàgbé fi wọ̀n ọ́n ṣì wà lórí ìṣó,
ó ta kókó síbi tó parí.
Mo wọn tèmi, mo fi wé tirẹ̀:
tèmi fi ìka méjì kúrú.
Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ajá yìí ti ń rù.

Mo gé awọ náà. Òlu ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́,
ojú ìrán wọ́.
Ẹnukòsinmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá,
kò gbó.